Ẹ júwe ibi tí mo ti lè mọ sílébù ọ̀rọ̀ ìṣe Faransé fún mi

Àdùkẹ́B: Ẹ kú ilé o. Mò ń fi fóònù kọ́ Faransé, ọ̀rọ̀ ìṣe wọn ló fẹ́ pa mí. Mi ò mọ ibi tí sílébù kan ti parí tí òmíì bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á kọ parlent, lẹ́tà méje gbáko, ẹni tó ń pè é á gbé ìdajì mì. Ìwé wo tàbí sáìtì wo ló dáa? Kò sówó kíláàsì báyìí o.

TísàKétu: Àdùkẹ́, fọkàn balẹ̀. Gígé méjì ló wà ńbẹ̀, òun ló ń dà ẹ́ láàmú. Gírámà á gé parlons sí parl àti ons, ara ọ̀rọ̀ àti ìrù ẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́nu par-lons ni, l ti fi ara ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ó ti lọ bá ìrù. Parle, parles, parlent, bákan náà ni gbogbo wọn ń dún, sílébù kan péré. Àwa la máa ń wá fáwẹ̀lì kún un lẹ́yìn torí Yorùbá kì í fi l parí sílébù. Wo acheter náà: a-che-tons, ìrù dún, kò séwu, àmọ́ nínú j'achète ìrù ò dún mọ́, t wá ti sílébù yẹn pa, ìdí nìyẹn tí e fi gba àmì lórí. Appeler ní tiẹ̀, l méjì ló fi ń ṣe é, j'appelle.

Bọ̀déCotonou: Wiktionnaire jàre, atúmọ̀ èdè Faransé orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni. Tẹ ọ̀rọ̀ ìṣe yẹn, lọ síbi conjugaison, níbi tí wọ́n to gbogbo ìrísí ọ̀rọ̀ ìṣe sí, wàá rí bí wọ́n ṣe ń pè é pẹ̀lú àmì ìdánudúró kékeré láàrin sílébù.

Saheed_k: Tó o bá ní kọ̀ǹpútà, wá Lexique ti Boris New àti Christophe Pallier, ọ̀rọ̀ bíi 140,000 ló wà ńbẹ̀ tí wọ́n ti gé sí sílébù, ó ń ṣí nínú Excel.

Ìyá Ìbejì: Ẹ̀yin àti Excel yín! Kó gbọ́ Journal en français facile ti RFI, rédíò Faransé, kó máa wo ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Ibẹ̀ ló ti máa gbọ́ ils arrivent, il-za-rive, tí s á di z tí á fò mọ́ ọ̀rọ̀ tó tẹ̀lé e. Ìwé ò lè fi ìyẹn sí i létí.

Àdùkẹ́B: Ẹ ṣé gan-an mà. Tísà, e inú mangeons ńkọ́, ṣé sílébù ni?

TísàKétu: Rárá o, man-geons, méjì péré. E yẹn kàn ń ṣọ́ g ni, kó má baà dún bíi ti gàrí.