Káséètì tí màmá wa fi ń bá Lọ́ńdọ̀nù sọ̀rọ̀

Ọmọ Ìsẹ́yìn:
Màmá wa ò mọ̀wé. Nígbà tí bọ̀ọ̀dá mi lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1986, èmi ni màmá ń pè kí n bá wọn kọ lẹ́tà, àmọ́ ọ̀rọ̀ wà tí wọn ò fẹ́ kí n gbọ́. Bí káséètì ṣe dé nìyẹn. C60 là ń rà, ìṣẹ́jú 30 lójú kan. Màá tẹ bọ́tìnnì pupa àti èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ pọ̀, màmá á ní kí n máa lọ síta. Oríkì bọ̀ọ̀dá ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn ni mò ń gbọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Èsì kan dé, bọ̀ọ̀dá ti ṣẹ́ etí káséètì náà kí ẹnikẹ́ni má baà gba nǹkan míì lé e. Àbúrò mi lẹ sẹ́lótéèpù dí ihò ẹ̀, ó fi gba fújì lórí rédíò. Lọ́jọ́ tí màmá fẹ́ tún un gbọ́: "Màmá, ní ti owó yẹn..." ni ìlù bá já lu ọ̀rọ̀. Ilé ẹ̀gbọ́n bàbá wa ni àbúrò mi sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

GSM wọlé ní 2001, ọ̀rọ̀ di wéréwéré. Ìṣẹ́jú ni wọ́n fi ń ṣírò owó nígbà náà. Kó fi díẹ̀ lé, wọ́n á gba odidi. Ta ló fẹ́ ki oríkì lórí ìyẹn?

Voice note ló dá màmá padà sípò. Wọ́n á tẹ máíkì WhatsApp mọ́lẹ̀, wọ́n á ki bọ̀ọ̀dá bíi ti àtijọ́. Oṣù tó kọjá ni bọ̀ọ̀dá jẹ́wọ́ pé 2x làwọn fi ń gbọ́ ọ. Oríkì o! Mo dán an wò. Màmá ń kì í bí ẹni tí ajá ń lé.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí màmá gbọ́. Tiwa ní Ṣakí, bátìrì ni. Tó bá ti ń kú lọ, bàbá wa á sá a sóòrùn lórí páànù, kó lè gbé wa dé ìròyìn alẹ́. Ẹni tó bá tan rédíò lọ́sàn-án jẹ gbèsè. Lónìí power bank mẹ́ta ló wà nílé mi, àwọn ọmọ ṣì ń jà sí i.

Àdìó:
Ẹ̀gbọ́n, owó wo wá ni?

Ọmọ Ìsẹ́yìn:
Màmá nìkan ló gbọ́ ọ kó tó pa rẹ́. Mo bi wọ́n lọ́dún tó kọjá, wọ́n ní kí n lọ bomi wá.