Táyà alùpùpù tó máa dúró sí gáréèjì títí òtútù á fi kásẹ̀ ńlẹ̀: báwo ni kí n ṣe é?

Aráàlú_Leeds
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Alùpùpù 650cc ni, ó máa dúró sí gáréèjì láti Oṣù Kọkànlá dé Oṣù Kẹta. Kọnkéré ni ilẹ̀ ibẹ̀, firísà wà nítòsí, sítáńdì ẹ̀gbẹ́ nìkan ló sì ní. Afẹ́fẹ́ mélòó ni kí n fún táyà? Ṣé kí n fi ìpara tó ń mú táyà dán pa á?

Bàbá_Fáàfù
Àbúrò, kọ́kọ́ fi omi àti ọṣẹ abọ́ fọ̀ ọ́, torí iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì láti fi yọ́ yìnyín máa ń jẹ rímù. Nù ún gbẹ. Ìgbà tí táyà bá tutù ni kó o fún un ní afẹ́fẹ́: iye inú ìwé alùpùpù, kó o fi psi (òṣùwọ̀n agbára afẹ́fẹ́ inú táyà) 3 tàbí 4 lé e. Bí ìwé bá ní 36, gbé e dé 40, ṣùgbọ́n má kọjá iye tó wà lára táyà fúnra rẹ̀. Bí ojú ọjọ́ bá fi nǹkan bíi dígíríì 5 tàbí 6 wálẹ̀, psi 1 á lọ pẹ̀lú ẹ̀, láìsí ihò kankan. Táyà tó ti rọ̀ ni ìwúwo ọkọ̀ máa ń tẹ̀ pẹlẹbẹ. Òtútù á wá mú rọ́bà le síbẹ̀.

Gbé_e_sókè
Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n sọ, àmọ́ gbígbé e kúrò nílẹ̀ ṣe pàtàkì jùyẹn lọ. Sítáńdì ẹ̀gbẹ́ kì í gbé táyà kankan. Àwọn méjèèjì ló ṣì ń ru ẹrù. Ẹ wá sítáńdì irin tí àwọn eléré ìje ń lò, ẹ gbé ẹ̀yìn ná, kẹ́ ẹ tó gbé iwájú, kó má baà ṣubú. Bí kò bá sí, ẹ tẹ́ pákó tàbí kápẹ́ẹ̀tì àlòkù sábẹ́ táyà nítorí ọ̀rinrin kọnkéré, kẹ́ ẹ sì máa yí i ní ìdá kan nínú mẹ́rin lọ́sẹ̀ méjì-méjì. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ẹ̀gbẹ́ táyà kẹ́ ẹ lè mọ ibi tẹ́ ẹ dé. Ẹ gbé e jìnnà sí firísà o, ozone, ìyẹn gáàsì tí ẹ̀rọ iná mànàmáná lè mú jáde, ń la rọ́bà.

Rọ́bà_ò_purọ́
Firísà kọ́ ni ká bẹ̀rù jù, inú agolo tí wọ́n jó pa ni mọ́tọ̀ rẹ̀ wà. Ẹ̀rọ tí iná ń ta pàrà nínú rẹ̀ ló ń mú ozone jáde: ẹ̀rọ ìlurin, dírílì, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń jó irin. Ẹ má lò wọ́n nínú gáréèjì yẹn.
Ìpara dídán, rárá! Bó bá kan ojú táyà, á yọ̀ ní kọ́nà. Wọ́n ti po ìda tó ń dáàbò bò ó mọ́ rọ́bà látilẹ̀, ó sì ń jáde díẹ̀díẹ̀ bí táyà bá ń yí. Bó bá dúró, kò ní jáde tó bó ṣe yẹ, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kẹ́ ẹ fi aṣọ bò ó kúrò lọ́wọ́ oòrùn. Ẹ nu epo tó bá kán sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú.

Aráàlú_Leeds
Ẹ ṣeun gan-an. 3117 ló wà lára táyà ẹ̀yìn. Ṣé ó ṣì dáa?

Bàbá_Fáàfù
Ọ̀sẹ̀ 31 ọdún 2017 nìyẹn. Táyà tó bá ti lé lọ́dún márùn-ún, kí ọ̀gá táyà máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún. Bó bá pé mẹ́wàá, pààrọ̀ rẹ̀, ì báà tiẹ̀ máa dán. Lóṣù Kẹta, dá afẹ́fẹ́ padà sí iye inú ìwé, kó o sì wọn bí kòtò ojú rẹ̀ ṣe jìn tó: òfin Britain fẹ́ mílímítà 1, ó kéré tán, lórí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin fífẹ̀ rẹ̀. Rọra gùn ún fún kìlómítà 15 àkọ́kọ́. Bó bá ń gbọ̀n lẹ́yìn tí táyà ti gbóná dáadáa, ibi tó tẹ́ yẹn ò ní padà mọ́, ra òmíràn.