Omi ìwẹ̀ kò fà mọ́ nínú kòtò ọ̀gẹ̀dẹ̀: kí ni ká ṣe?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbéèrè kan rèé láti Òṣogbo. Kòtò ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ń gba omi ilé ìwẹ̀ ni: ó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 6, ó jìn tó 3. Iyẹ̀pẹ̀ tó jáde ni a kó yí i ká bí ebè, ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà 5 wà lórí rẹ̀, kókò wà láàárín wọn. Igi wẹ́wẹ́ wà nísàlẹ̀, ewé gbígbẹ kún un dókè, páìpù ínǹṣì 2 ń gbé omi wọlé.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn, omi ń fà dáadáa. Òjò dé, ó di adágún: ó dúdú, ó ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́, tanwíji sì ń jó lẹ́nu páìpù. (Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní ká da kẹrosíìnì sí i, ọ̀gẹ̀dẹ̀ la fẹ́ jẹ.) Amọ̀ ni ilẹ̀ ibẹ̀, tí ẹ bá fọwọ́ lọ́ ọ bí okùn, kì í já. Ihò ẹsẹ̀ bàtà 1 tí a gbẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, tí a pọnmi kún, ínǹṣì 2 péré ló fà ní wákàtí 24.

Ṣé kí a la ojú àgbàrá sí ebè níhà ìsàlẹ̀, kí àṣẹ́kù omi ṣàn lọ sí kòtò kejì, àbí kí a kàn fẹ eléyìí lójú sí i? Ẹlòmíràn ní ọṣẹ oníyẹ̀fun ló fà á, pé sódíọ̀mù (èròjà inú iyọ̀) tó wà nínú rẹ̀ ń dí amọ̀ pa. Òótọ́ ni, ó ń ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọṣẹ dúdú eléérú ni wọ́n fi ń wẹ̀ níbí, nítorí náà a ò rò pé òun ló fa tiwa.

Ẹni tó ti ṣe é lórí amọ̀, báwo ni kòtò kejì yín ṣe fẹ̀ tó, kí lẹ sì gbìn sí i?