Ẹ wá sọ tiyín: bí ṣẹ́ríìfù bá ń fa èèyàn lé ICE lọ́wọ́, ta ló ń bi í léèrè?

Ọmọ Ìbàdàn, Oakland

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ìbéèrè tí àbúrò wa kan bi wá ló jẹ́ kí n dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀: bí ọlọ́pàá káúńtì (ìjọba ìbílẹ̀ níbí) bá mú èèyàn torí ọ̀rọ̀ mọ́tò, báwo ni ICE, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń mú àjèjì torí ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú, ṣe ń gbọ́ kí ilẹ̀ tó mọ́? Ohun tí ojú yín rí ni kí ẹ sọ, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp. Ẹ má dárúkọ èèyàn. Bó bá sì jẹ́ ẹ̀sùn lẹ fẹ́ sọ, ẹ má dárúkọ káúńtì.

Tèmi rèé. Ní California níbí, a ní òfin kan tó ń jẹ́ TRUTH Act. Rob Bonta ló gbé e wá nígbà tó ń ṣojú Oakland nílé aṣòfin ìpínlẹ̀ (òun náà ló di agbẹjọ́rò àgbà California nígbà tó yá), gómìnà Jerry Brown sì buwọ́ lù ú ní 2016. Bí ṣẹ́ríìfù (ọ̀gá ọlọ́pàá káúńtì) tàbí ọlọ́pàá ìlú bá ti jẹ́ kí ICE rí ẹnikẹ́ni tó wà látìmọ́lé wọn láàárín ọdún kan, ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso ibẹ̀ gbọ́dọ̀ pe ìpàdé gbangba lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ó kéré tán, kí wọ́n ti kéde rẹ̀ ní ọjọ́ 30 ṣáájú, kí ará ìlú sì ráàyè sọ̀rọ̀. Láti 2018 ni apá ìpàdé yìí ti ń ṣiṣẹ́.

Mo lọ sí ọ̀kan. Ọ̀sán gangan ni wọ́n fi í sí, láàárín ọ̀sẹ̀, ìgbà tí ẹni tọ́rọ̀ kàn jù wà lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn ará Mexico àti Guatemala ló kún gbọ̀ngàn, àwọn Filipino náà ò gbẹ́yìn. Ní ti àwa aláwọ̀ dúdú láti Áfíríkà, èmi àti ìyá Eritrea kan ni mo rí. Wọ́n fún wa ní káàdì pélébé ká kọ orúkọ sí. Bí wọ́n bá pè ọ́, wàá lọ dúró níwájú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, iná kékeré kan á wà níbẹ̀ tó ń ka àkókò rẹ. Ìṣẹ́jú kan ni wọ́n fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá nílò ògbufọ̀, òfin ní kí wọ́n fún un ní ìlọ́po méjì, nítorí náà ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé Gẹ̀ẹ́sì ò yọ̀ mọ́ yín lẹ́nu, ẹ mú ọmọ yín dání, kí ẹ sọ Yorùbá yín.

Ṣẹ́ríìfù fúnra rẹ̀ ò wá. Ọ̀gá kan ló rán, ìyẹn sì gbé nọ́ńbà bíi mélòó kan sára ògiri, ó ní àwọn tó jẹ̀bi ẹ̀sùn ńlá nìkan làwọn ń fà lé ICE lọ́wọ́. Àwọn èèyàn pariwo, àwọn kan sunkún, ọkùnrin náà ò mira. Ohun tó jẹ́ kó mira ni obìnrin àgbàlagbà kan tó gbé ìwé dání. Ó ti kọ̀wé béèrè àkọsílẹ̀ ọ̀dọ̀ wọn ṣáájú ìpàdé, nítorí òfin yẹn náà ló sọ pé àkọsílẹ̀ tó bá jẹ mọ́ bí ICE ṣe ń dé ọ̀dọ̀ ẹni tó wà látìmọ́lé, ti gbogbo ìlú ni. Ó ka ìlà kan péré jáde nínú rẹ̀: ọjọ́ tí wọ́n fa ẹnì kan lé ICE lọ́wọ́, àti ọjọ́ tí ICE kọ̀wé béèrè ẹni náà. Ìwé ICE ló kẹ́yìn! Ó wá bi wọ́n pé, “Ìwé wo lẹ fi gbé e fún wọn?” Ọ̀gá náà ń ṣí fáìlì, ó ń pa á dé. Alága ìgbìmọ̀ ní kó lọ kọ èsì wá, kó dé ọwọ́ àwọn kí wọ́n tó tún jókòó.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti gbà pé ẹni tó bá fẹ́ lọ sí irú ìpàdé yẹn lọ́wọ́ òfìfo, kó kúkú jókòó sílé. Òfin ò sọ pé ṣẹ́ríìfù gbọ́dọ̀ gbé nọ́ńbà wá síbẹ̀, ó kàn gbà á láàyè ni. Ìwọ lo máa lọ béèrè.

Ìyá Bọ́ṣẹ̀, Georgia

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yin ní California, ẹ ní òfin tó ń gbè yín. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìhà ọ̀dọ̀ wa.

Àbúrò mi tí a jọ mu ọmú kan náà ni. Fíísà rẹ̀ ti kú tipẹ́, nítorí náà kò lè gba láísẹ́ńsì, iṣẹ́ ilé ìkẹ́rùsí sì rèé, bọ́ọ̀sì ò dé ibẹ̀. Iná ẹ̀yìn mọ́tò rẹ̀ kan ò tàn lóru ọjọ́ kan. Ọlọ́pàá dá a dúró, kò ní láísẹ́ńsì, wọ́n gbé e lọ sí àtìmọ́lé káúńtì. Wọ́n tẹ ìka rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọkùnrin kan tó wọ aṣọ ṣẹ́ríìfù wá jókòó tì í, tó ń rẹ́rìn-ín, tó ń bi í níbo ni wọ́n ti bí i, ìgbà wo ló wọlé, ta ló ń gbé pẹ̀lú rẹ̀. Ọmọ ẹni tó dáa, ó dáhùn gbogbo rẹ̀. Kò mọ̀ pé ọmọ iṣẹ́ ṣẹ́ríìfù yẹn ti gba ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ICE, pé ìwé àdéhùn tí wọ́n ń pè ní 287(g) ti fún un lágbára láti ṣe iṣẹ́ wọn. Òfin 1996 ló bí àdéhùn yẹn.

Èmi ń sáré béèlì níta. Mo dá owó jọ, mo yá kún un lọ́wọ́ àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì, mo san án. Àfi bí wọ́n ṣe sọ fún mi lójú fèrèsé pé béèlì ti pé o, ṣùgbọ́n wọn ò lè fi í sílẹ̀, ICE ti fi ìwé “ẹ bá wa dá a dúró” ránṣẹ́. Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin tí ẹ ní ẹbí: kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n bóyá ICE ti fi ìwé sílẹ̀ lórí ẹni yín, kí ẹ sì pe lọ́yà tó mọ ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú. Wọ́n gbé e lọ sí àtìmọ́lé ICE ní Lumpkin, nísàlẹ̀ Georgia lọ́hùn-ún. Abẹ́òkúta ló wà báyìí, ó ń tún fíríìjì ṣe.

Ní ti ìbéèrè yín, ẹ̀gbọ́n: a bi wọ́n léèrè. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn obìnrin Mexico kan lọ sí ìpàdé. Káúńtì Cobb ti wọ àdéhùn yẹn láti 2007, káúńtì Gwinnett láti 2009. Nígbà ìbò 2020, ọ̀rọ̀ yìí wà lára ohun táwọn tó ń du ipò ṣẹ́ríìfù ń jà lé lórí. Craig Owens wọlé ní Cobb, Keybo Taylor wọlé ní Gwinnett, àwọn méjèèjì sì fòpin sí àdéhùn náà ní January 2021. A jó, a yọ̀. Ní 2024, wọ́n pa ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, Laken Riley, ní Athens, ẹni tó pa á sì jẹ́ àjèjì tí kò ní ìwé. Ikú yẹn dun gbogbo wa, èmi náà bímọ obìnrin. Ṣùgbọ́n kí ọdún náà tó dé ìdajì ni ìpínlẹ̀ ti ṣòfin tó fi dandan mú gbogbo ṣẹ́ríìfù pé kí wọ́n máa bá ICE ṣiṣẹ́, kí wọ́n sì lọ béèrè fún àdéhùn yẹn. Ohun tí a fi ìbò tú, wọ́n fi òfin so ó padà.

Wọ́dà, Texas

Àǹtí, ẹ pẹ̀lẹ́, Ọlọ́run á dá owó yín padà. Mi ò ní sọ ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ wa ọmọ Nàìjíríà ló ń ṣe iṣẹ́ wọ́dà níbí, ẹ̀yin náà mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n tú ohun kan palẹ̀, nítorí àwọn èèyàn wa máa ń rò pé ẹnì kan ló fi fóònù pe ICE. Rárá o. Tí a bá ti tẹ ìka èèyàn, ìtẹ̀ka náà á lọ sọ́dọ̀ FBI, láti ibẹ̀ á dé ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ Homeland Security, tó ni ICE. Láti 2008 ni wọ́n ti dá ètò yẹn sílẹ̀, kò sì sí wọ́dà tàbí ṣẹ́ríìfù tó lè dá a dúró. Ohun tó kù sọ́wọ́ káúńtì ni ohun tó tẹ̀ lé e: ṣé wọ́n á dá ẹni náà dúró kọjá ìgbà tó yẹ kó lọ? Ṣé wọ́n á sọ ọjọ́ tó máa jáde fún ICE? Ṣé wọ́n á jẹ́ kí ICE wọlé wá bá a sọ̀rọ̀? Ibẹ̀ ni kí ẹ máa bi wọ́n.

Ìwé “ẹ bá wa dá a dúró” yẹn, I-247A ni nọ́ńbà rẹ̀. Wákàtí 48 ló ní kí a fi dá èèyàn dúró. Adájọ́ kọ́ ló buwọ́ lù ú, òṣìṣẹ́ ICE ni. Ó wà nínú ìwé náà fúnra rẹ̀ pé wọ́n gbọ́dọ̀ fún ẹni tí wọ́n kọ ọ́ lé lórí ní ẹ̀dà kan kó tó lè múlẹ̀. Ẹ béèrè ẹ̀dà yẹn. Mo ti rí àwọn tó ti dé ICE tán kí wọ́n tó mọ̀ pé ìwé kankan wà.

Ìdí tí a ò fi lè kọ̀ fún wọn ní Texas ni pé òfin SB 4 ti 2017 sọ ọ́ di dandan kí àtìmọ́lé gbogbo tẹ̀ lé ìwé ICE. Ní Harris, níbi tí Houston wà, ṣẹ́ríìfù Ed Gonzalez fòpin sí 287(g) ní February 2017, gẹ́lẹ́ lẹ́yìn tó gbàjọba. Oṣù May ọdún yẹn kan náà ni SB 4 dé, nítorí náà ìwé “ẹ bá wa dá a dúró” kò dẹ́kun àtiṣiṣẹ́.

Àròyé kan ṣoṣo tí mo ní sí ẹ̀yin èèyàn mi: ọ̀rọ̀ yín ti pọ̀ jù. Òyìnbó á bi bàbá kan níbo ni wọ́n ti bí i, bàbá á bẹ̀rẹ̀ láti orí oríkì. Á dárúkọ ìlú, á dárúkọ ìyàwó, á ní àbúrò òun náà ń bẹ ní Dallas, fíísà tiẹ̀ ni kò tíì dára. Mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́, mi ò lè sọ̀rọ̀, inú mi ń ru. Ẹ sọ orúkọ yín. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ní lọ́yà lẹ fẹ́ rí.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Maryland

Frederick Káúńtì ti wọ 287(g) ní 2008. Níbẹ̀ nígbà náà, ìgbìmọ̀ àdéhùn náà máa ń jókòó ní gbangba, ICE àti ṣẹ́ríìfù lórí tábìlì kan. Mo ti lọ rí. Ìpàdé tó gbẹ gan-an ni, ẹni tó bá wá ìran wò níbẹ̀, kò rí i.

Kóòtù ló sọ̀rọ̀ gidi níbẹ̀. Obìnrin ọmọ El Salvador kan jókòó lẹ́yìn ibi iṣẹ́ rẹ̀ lọ́dún 2008, ó ń jẹ búrẹ́dì rẹ̀, ni àwọn ọmọ ṣẹ́ríìfù méjì bá wá bi í ní ìwé ìdánimọ̀, tí wọ́n sì mú un. Àwọn tó mú un kì í ṣe ara àwọn tí ICE kọ́ níṣẹ́. Ní 2013, ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Richmond sọ pé ọlọ́pàá ìbílẹ̀ ò lẹ́tọ̀ọ́ láti mú èèyàn torí ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú nìkan, àfi bí ìjọba àpapọ̀ bá rán an tàbí tó fún un láṣẹ. Èmi gbà pé ẹjọ́ kan tó bá wọlé ju ogún ìpàdé lọ. Ẹ̀gbọ́n Oakland lè má gbà.

Baba Wàsíù, Chicago

Ẹ má bínú o, mo ní gríìn káàdì, àwọn ọmọ mi jẹ́ ọmọ onílẹ̀. Kí ló kàn mí nínú káúńtì àti ṣẹ́ríìfù? Iṣẹ́ ni mo wá ṣe.

Ọmọ Ìbàdàn, Oakland

Baba, ẹ ṣeun, a ò bínú. Gríìn káàdì kì í ṣe ìwé ọmọ onílẹ̀. Àwọn ẹ̀sùn kan wà tó jẹ́ pé bí adájọ́ bá dá èèyàn lẹ́bi lórí wọn, tó sì jẹ́ oní-gríìn-káàdì, ICE lè bá a kalẹ̀, kódà bó bá ti ṣẹ̀wọ̀n tirẹ̀ tán. Ọ̀pọ̀ àwọn tí mo gbọ́ orúkọ wọn ní ìpàdé yẹn ti ní káàdì lọ́wọ́ láti kékeré. Bẹ́ẹ̀, ẹ lọ búra kí ẹ di ọmọ onílẹ̀, baba. Ẹ ti pẹ́ níbẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, mi ò bá ẹ jà. Ẹjọ́ dára, ṣùgbọ́n lọ́yà tó gba ẹjọ́, ìwé ló fi ń gbé e dìde, ibi tí ìwé yẹn sì ti ń jáde ni mò ń sọ.

Ìyá Bọ́ṣẹ̀, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára. Mi ò ní èsì sí ìpínlẹ̀ tó bá fi òfin borí káúńtì. Iye àdéhùn 287(g) káàkiri Amẹ́ríkà sì ti ju 1,000 lọ láti 2025, nítorí náà tiyín nìkan kọ́.

Àwọn tó bi mí ní ìkọ̀kọ̀ bí wọ́n ṣe ń kọ ìwé tí a fi ń béèrè àkọsílẹ̀ ní California: ìdajì ojú ewé tó. Ẹ kọ ọ́ sí ọ́fíìsì ṣẹ́ríìfù, ẹ sọ pé lábẹ́ òfin àkọsílẹ̀ gbogbo ìlú lẹ fi ń béèrè. Ẹ béèrè gbogbo ìwé tí ICE fi ránṣẹ́ láti January dé December ọdún tó kọjá, ọjọ́ tí wọ́n dáhùn ọ̀kọ̀ọ̀kan, irú èsì tí wọ́n fún wọn, àti fọ́ọ̀mù ìyọ̀ǹda tí wọ́n fún ẹni tó wà látìmọ́lé kí ICE tó bá a sọ̀rọ̀. Fọ́ọ̀mù yẹn ṣe pàtàkì: òfin ní kó sọ fún èèyàn pé ó lè kọ̀, pé ó lè ní lọ́yà níbẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ ní Spanish, Chinese, Tagalog, Vietnamese àti Korean pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì. Yorùbá ò sí níbẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n yọ orúkọ àwọn èèyàn kúrò, kí wọ́n má bàa fi ìyẹn ṣe àwáwí. Ọjọ́ 10 ni wọ́n ní láti sọ bóyá wọ́n máa fún yín tàbí wọn ò ní fún yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n lè tọrọ àfikún. Tí wọ́n bá dákẹ́, ẹ tún ímeèlì kan náà fi ránṣẹ́, kí ẹ sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí aṣojú àdúgbò yín nínú ìgbìmọ̀ káúńtì. Èmi ti kọ tèmi fún ọdún yìí. Ẹni tó bá fẹ́ kí n bá òun wo tirẹ̀ kó tó fi ránṣẹ́, kó fi sí ìsàlẹ̀ níbí.