Bàtà fúyẹ́, gàrí àti kantíkantí: ìrírí mi lórí West Highland Way

Ẹsẹ̀ ni màá ti bẹ̀rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ló ṣe pàtàkì jù nínú ẹrù ẹni tó fẹ́ fẹsẹ̀ rin ọ̀nà jíjìn, bàtà fúyẹ́ tó ń tètè gbẹ ni màá dárúkọ, mi ò sì ní yí ọ̀rọ̀ mi padà. Púpọ̀ nínú àwa tí a ń gbé Ìlú Ọba ló gbà pé ẹni tó bá fẹ́ gun òkè gbọ́dọ̀ ra bàtà aláwọ ńlá tó bo ọrùn ẹsẹ̀, èyí tí wọ́n ní omi ò lè wọ̀. Mo ti rin West Highland Way, mo sì ti rí ohun tí omi ń fi irú bàtà bẹ́ẹ̀ ṣe.

Fún ẹni tí kò bá mọ ọ̀nà náà, Scotland ló wà. Máìlì 96 ni, láti Milngavie lẹ́bàá Glasgow títí dé Fort William, lẹ́sẹ̀ Ben Nevis tó ga ju gbogbo òkè Ìlú Ọba lọ. Ọdún 1980 ni wọ́n ṣí i. Èmi àti àǹtí kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ la jọ lọ. Láti Milngavie dé Drymen, ilẹ̀ tẹ́jú, kò sí wàhálà kankan. Conic Hill, lókè Balmaha, ló kọ́kọ́ dán orúnkún wa wò, pàápàá nígbà tí a ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tó bá ní ọ̀pá ìrìn méjì á dúpẹ́ níbẹ̀.

Etí adágún Loch Lomond gan-an ni ọ̀rọ̀ bàtà ti dójú ẹ̀. Téèyàn bá ti kọjá Inversnaid, gbòǹgbò igi àti àpáta yíyọ̀ ló kù, pẹ̀lú àwọn odò kéékèèké tó ń sáré bọ̀ láti orí òkè, tí wọ́n ń gba àárín ọ̀nà kọjá lọ sínú adágún. Òjò ti ń rọ̀ láti òru. Bàtà aláwọ ni àǹtí wọ̀, Gore-Tex, aṣọ tí omi ò lè wọ̀, sì wà nínú ẹ̀. Níbi odò kan, omi ti bo àwọn òkúta tó yẹ ká tẹ̀, bó ṣe gba ọrùn bàtà wọ inú nìyẹn. Ohun tí kì í jẹ́ kí omi wọlé, kì í jẹ́ kó jáde náà. Wọ́n jókòó sórí àpáta, wọ́n tú okùn, wọ́n da bàtà kodò, omi dà ṣọ̀ọ̀. "Àbúrò mi," ni wọ́n wí, "kòkò omi ni mo wọ̀ sẹ́sẹ̀ yìí o."

Omi wọ tèmi náà. Kódà tèmi ló kọ́kọ́ wọ̀, torí ojú bàtà mi dà bí àwọ̀n. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń rìn ló ń jáde, nígbà tí a fi máa dé Inverarnan, ìbọ̀sẹ̀ nìkan ló ṣì tutù. Bàtà tiwọn ò gbẹ lóru yẹn, kò gbẹ lọ́jọ́ kejì. Awọ ẹsẹ̀ tó ti rin gbingbin máa ń rọ̀, bí bàtà bá sì ti ń họ ọ́, ìléròrò dé nìyẹn. Ní Tyndrum, gìgísẹ̀ wọn méjèèjì ti lé. Wọ́n ra bàtà fúyẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀, wọ́n fi ẹrù wọn rán ọkọ̀ tó ń bá arìnrìn-àjò gbé ẹrù láti ibùdó dé ibùdó, bàtà fúyẹ́ yẹn ni wọ́n sì fi parí ìrìn náà. Kò sí ìtìjú kankan nínú kéèyàn fi ẹrù rán ọkọ̀. Ẹsẹ̀ ẹni léèyàn ṣáà fi rìn ín.

Bí mo ṣe ń tọ́jú ẹsẹ̀ tèmi rèé: ní gbogbo ibi tí a bá ti jókòó, mo máa ń bọ́ bàtà àti ìbọ̀sẹ̀, kí atẹ́gùn fẹ́ sí àárín ọmọ ìka. Fasilín díẹ̀ ní gìgísẹ̀ láràárọ̀. Ìbọ̀sẹ̀ onírun àgùntàn ni mo ń wọ̀, torí bó bá tutù pàápàá, ó ṣì ń móoru. Mo sì ní èyí tó jẹ́ ti oorun nìkan, tí kò fojú kan ọ̀nà rárá.

Ẹni tó bá rò pé owó ló ń rin ìrìn yìí, kó rántí Emma Gatewood. Lọ́dún 1955, nígbà tó jẹ́ ẹni ọdún 67, tó ti bí ọmọ 11, ìyá yìí dá rin gbogbo Appalachian Trail ní Amẹ́ríkà, tó lé ní máìlì 2,000. Bàtà kánfáásì ló wọ̀, àpò tó fọwọ́ ara ẹ̀ rán ló gbé kọ́ èjìká, kò gbé àgọ́ dání.

Ní ti òjò, ìbòrí báàgì tí wọ́n ń tà yẹn ò tó nǹkan. Lórí Rannoch Moor, tí kò ti sí igi tí èèyàn lè sá sí, atẹ́gùn máa ń ṣí i kúrò lórí báàgì. Náílọ̀n ńlá tí wọ́n fi ń kó ìdọ̀tí ni mo tẹ́ sínú báàgì kí n tó di ẹrù, mo wá lọ́ ẹnu ẹ̀ pọ̀. Àpò ìsùn mi gbẹ títí dé Fort William. Ẹ fi jíǹsì sílé, ẹ jọ̀ọ́, torí bó bá ti tutù, kì í tètè gbẹ.

Oúnjẹ wá ńkọ́? Gàrí Ìjẹ̀bú ni o! Ó fúyẹ́, kì í tètè bàjẹ́, kò nílò gáàsì. Mo ti po gàrí, mílìkì oníyẹ̀fun àti ṣúgà pọ̀ sínú náílọ̀n kéékèèké, ti oúnjẹ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, ẹ̀pà àti kúlíkúlí wà lápá kan. Omi odò la máa ń sẹ́ kí a tó bù ú sí i, nítorí àgùntàn pọ̀ lórí àwọn òkè yẹn. Lórí Rannoch Moor, ọmọ Jámánì kan ń bá atẹ́gùn jà, sítóòfù ẹ̀ ò gbà kó tàn. A bu gàrí fún un nínú ife ẹ̀. Ó kọ́kọ́ wò ó títí, ó tọ́ ọ wò, ó wá bèèrè ibi tí wọ́n ti ń tà á ní Berlin. Inú àǹtí dùn débi pé wọ́n fún un ní kúlíkúlí tó kù lọ́wọ́ wọn.

Àwọn kantíkantí Scotland, tí wọ́n ń pè ní midge, kò ṣeé fojú di. Abo wọn ló ń mu ẹ̀jẹ̀, èémí ẹni ló sì ń fà wọ́n wá. Bí atẹ́gùn bá ń fẹ́, ẹ ò ní rí wọn. Bó bá ti dáwọ́ dúró nírọ̀lẹ́, tí ilẹ̀ sì tutù, wọ́n á bo ojú, etí, àti gbogbo ibi tí irun ti pín. Àwọ̀n ìborí ò wọ́n, kò sì wúwo, kí ẹnikẹ́ni má lọ láìní i. Ẹ pàgọ́ síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, ẹ má ṣe pa á sí kòtò.

Ẹni tó bá ráyè lọ ní April tàbí ìbẹ̀rẹ̀ May á bọ́ lọ́wọ́ púpọ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n kó tètè gba ìwé àṣẹ o, torí láti ọjọ́ 1 oṣù March títí di ọjọ́ 30 oṣù September, èèyàn ò lè ṣàdédé pàgọ́ síbi tó bá wù ú ní etí ìlà-oòrùn Loch Lomond. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń gbà á.