Oyún oṣù mẹ́rin, òórùn oògùn òwú nínú ilé

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Ṣábẹ̀ẹ́ ni à ń gbé, òwú ni bàbá àwọn ọmọ mi ń gbìn lẹ́yìn òkè. Bó bá fín oògùn dé, ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ á tutù rinrin níbi tí pọ́ǹpù ti ń jò sí i lára. Èmi ni mo ń fọwọ́ fọ̀ ọ́, nínú ọpọ́n tí mo fi ń fọ aṣọ ọmọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, orí fọ́ mi, èébì ń gbé mi títí ilẹ̀ fi ṣú. Ìyá ọkọ mi ní oyún ni. Bóyá ni. Oyún kẹta mi rèé, mo mọ bí àwọn ti tẹ́lẹ̀ ṣe rí.

Agbẹ̀bí wa ní ibi ọmọ kì í ṣe ògiri: oògùn tó bá gba awọ ara tàbí imú wọnú ẹ̀jẹ̀ ìyá lè dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Mo tún kà á pé wọ́n ti rí chlorpyrifos, ọ̀kan nínú àwọn oògùn apakòkòrò, nínú ẹ̀jẹ̀ ìwọ́ àwọn ọmọ tuntun ní Amẹ́ríkà. Àyà mi já.

Ọkọ mi ti gbà láti máa bọ́ aṣọ náà sẹ́yìn ilé. Ta ni yóò wá fọ̀ ọ́? Bídọ́ọ̀nù oògùn tí ìyá ọkọ mi fi ń pọnmi ńkọ́, tí wọ́n ní àwọn ti fi ọṣẹ àti yanrìn fọ̀ mọ́? Báwo ni mo ṣe máa sọ ọ́ tí kò fi ní dà bíi pé mò ń kọ́ àgbà lọ́gbọ́n? Ẹ̀yin tọ́kọ yín ń fín òwú, kí lẹ ṣe nígbà tẹ́ ẹ lóyún?