Oníwèé ìròyìn tí mò ń ka ọ̀fẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní Ṣàgámù

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti bàbá kan tó ń ta ìwé ìròyìn fún yín. Mo wà lára àwọn tó máa ń dúró ka àkọlé ìwé ìròyìn lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ lójú ọ̀nà Àkárìgbò, mi ò sì tijú. Ó tó ọdún mẹ́ta tí mo fi ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Òjò ló mú wa sọ̀rọ̀. Ó dé lójijì, mo bá bàbá náà fa ọ̀rá bo ìwé, a fi òkúta tẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, o ti ń ka ìwé mi lọ́fẹ̀ẹ́ tipẹ́, o ṣiṣẹ́ ẹ̀ lónìí. Jókòó."

Ó wá sọ ìtàn ara rẹ̀ fún mi. Bàbá tó bí i ló ń ta obì fún àwọn Hausa ní Sábó. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, ilé ìwé rẹ̀ parí sí fọ́ọ̀mù kejì. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni ní 1986 tí ajẹ́ntì kan kó ẹ̀dà ìwé ìròyìn mẹ́wàá fún un. Èyí tó bá tà, ó ní èrè tirẹ̀ níbẹ̀. Èyí tí kò bá tà, ó di dandan kó dá a padà.

Oṣù karùn-ún 1987 ni Olóyè Awólọ́wọ̀ papòdà ní Ìkẹ́nnẹ́. Ó ní òun ò rí irú ọjà bẹ́ẹ̀ rí. Tribune, tí Awólọ́wọ̀ fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀ ní 1949, ni wọ́n ń jà lé lórí. Màmá kan tí kò mọ̀wé ká tirẹ̀ sínú ìró, ó ní òun máa lẹ àwòrán náà mọ́ ògiri.

Ní 1993 ńkọ́? Ìbẹ̀ ló ti bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ìdìbò June 12, ìjọba ológun ti ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn Concord àti Punch pa, ìwé ìròyìn Tempo sì ń jáde lábẹ́lẹ̀. Oníbàárà kì í dárúkọ rẹ̀, á kàn ní, "Bọ̀dá, èyí tó gbóná ńkọ́?" Lọ́jọ́ tí àwọn agbófinró dé, ó jókòó lé márùn-ún lórí. Wọ́n ní kó dìde, ó ní ẹsẹ̀ ń ro òun.

Ó ní ojú ewé ìkéde òkú làwọn èèyàn wa kọ́kọ́ ń ṣí, kí wọ́n lè mọ ibi tí àríyá wà ní Sátidé. (Mo rántí màmá mi, mo dákẹ́.)

Igba ẹ̀dà ló ń tà tẹ́lẹ̀ lójúmọ́. Báyìí, tó bá ta mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó dúpẹ́. Fóònù ti gba iṣẹ́. Èyí tí ajẹ́ntì ò gbà padà, alákàrà ló ń rà á.

Òjò dá. Ojú tì mí, mo ra Aláròyé kan. Ó fi ìka tí yíǹkì ti sọ di dúdú ka ṣéńjì mi, ó wá rọra ní, "Ka ìsàlẹ̀ ibí yìí sétí mi. Ojú mi ò gbé lẹ́tà kékeré mọ́."

Látìgbà náà, kí n tó wọ mọ́tò láràárọ̀, mo máa ń kà á fún un. Ọ̀fẹ́ náà ni.